Bẹ́ ẹ ṣe lè gbé ìrọ̀lẹ́ ewì àti gìtá kalẹ̀ n'Íkòròdú

Ariwo ò wọ́n wa n'Íkòròdú. Láti Gáréèjì dé Sábọ̀, sípíkà ń bẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù, sípíkà ń bẹ lórí mọ́tò àwọn tó ń ta àgbo, ṣọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀, mọ́ṣáláṣí ní tiẹ̀, ká má wá sọ ti òwàǹbẹ̀ Sátidé tí wọ́n á fi kánópì dí ojú títì pa. Ohun tó wọ́n ni ibi tí ẹnì kan ti máa sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé á pa lọ́lọ́, tí ẹ máa gbọ́ bó ṣe mí sínú kó tó bọ́ sí ìlà tó kàn. Ohun tó ń mú èèyàn fi ilé sílẹ̀ wá gbọ́ akéwì àti onígìtá nìyẹn. Tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ojú yín ló ṣe, tí okùn gìtá bá já, ojú yín ló ṣe, kò sí studio tó máa bá a tún un ṣe, tó bá sì wá dùn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó dùn. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àga, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ máìkì, ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké, àbí kò ní gbọ́?

Kò sì pọn dandan kí nǹkan pọ̀ kó tó ṣeé ṣe o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí Kòkòrò, Benjamin Adérounmú, bàbá afọ́jú tó fi sámbà kan ṣoṣo kọrin kiri títì Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn kan, sámbà kan, láàárín họ́ọ̀nù àti ariwo kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn sì ń dúró gbọ́ ọ. Jùjú tí Túndé King ń kọ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930 náà, èèyàn bíi mẹ́ta mẹ́rin ni, gìtá-bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú, inú pálọ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣeré fún àwọn tó wà níkàlẹ̀. Ẹ fi pálọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ibi tẹ́ ẹ máa lò

Ẹ má lọ gba gbọ̀ngàn ńlá. Tí gbọ̀ngàn bá gba igba èèyàn, tí ogójì wá, ojú á ti akéwì, ojú á sì ti àwọn tó wá wò ó, oníkálukú á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tó yẹ kó gba ogójì, tí àádọ́ta wá há síbẹ̀, tí àwọn kan dúró létí ògiri, ìyẹn ló ń dùn. Ẹ wá ilé oúnjẹ ní Ágírìkì tàbí Ògólóǹtò tí kì í ní oníbàárà púpọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ẹni tó ni ín máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni torí àwọn èèyàn yín á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹran lọ́wọ́ ẹ̀. Kíláàsì ilé ìwé aládàáni náà dáa, tẹ́ ẹ bá ṣèlérí pé ẹ máa gbá a kẹ́ ẹ tó lọ. Gbàgede ilé ẹnì kan ní Igbógbó náà, kò burú. Àwọn kan máa ń sọ pé etí omi, lápá Ẹbúté Ìpakodò tàbí Ìjẹ̀dẹ̀. Ó dùn lójú lóòótọ́, fọ́tò ẹ̀ á sì dáa, àmọ́ atẹ́gùn ọ̀sà máa ń gbé ohùn èèyàn lọ ni, ó máa ń hu nínú máìkì, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí gìtá dúró lójú kan. Tó bá jẹ́ dandan ni, ẹ jẹ́ kí ògiri tàbí tapólì wà lẹ́yìn ẹni tó ń ṣeré, kí atẹ́gùn má bàa gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá.

Ẹ gbójú sókè wo òrùlé pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ páànù lásán tí kò ní sílìn-ìnì, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ó parí, ẹ lè kó àga nílẹ̀. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ẹ ò lè bá òjò Èkó jà, ẹ wá ibi tó ní sílìn-ìnì tàbí kẹ́ ẹ dúró de oṣù kọkànlá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ibi kankan, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ gan-an àti aago gan-an tẹ́ ẹ máa lò ó. Tẹ́ ẹ bá lọ ní Tuesday ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Sunday ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ máa mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́yìn ògiri tó ń ṣe ìsọjí, pé jẹnẹrétọ̀ alámùúlégbè ń dún gbàmù-gbàmù, pé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà ní òdìkejì títì. Ti bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ ṣọ́ra fún un gan-an. Kò sí ewì ìfẹ́ tó lè dùn nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọkùnrin bá figbe ta pé gó-ò-òlù láti òdìkejì, ẹ ṣáà wo ọjọ́ tí Arsenal àti Chelsea ń pàdé, kẹ́ ẹ sá fún un.

Ohun mìíràn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú kì í mọ̀ ni ọjọ́ Orò. Tí ìlú bá ti kéde Orò n'Íkòròdú, obìnrin ò gbọdọ̀ jáde, ìdajì àwọn akéwì yín àti ìdajì àwọn tó fẹ́ gbọ́ wọn ti wà nínú ilé nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, tàbí kẹ́ ẹ ní ẹnì kan tó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ láàfin Ayangburẹn, kẹ́ ẹ tó tẹ fláyà jáde. Ẹ tún yọjú sí alámùúlégbè, ẹ gbé mínírà díẹ̀ dání, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa ti parí ní aago méje ààbọ̀. Ìjọba Èkó ní àjọ kan tó ń jẹ́ LASEPA tó máa ń ti ilé fàájì pa tórí ariwo, tiwa ò tó ariwo, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti kí tẹ́lẹ̀ kì í yára lọ fẹjọ́ sùn.

Nípa aago, mo fara mọ́ Sunday, aago mẹ́rin sí méje ààbọ̀. Sátidé ti òwàǹbẹ̀ ni, ẹ ò lè bá ankárá dìje. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù á jí ní aago mẹ́rin ìdájí Monday láti lọ wọ bọ́ọ̀sì BRT, kò sí bí ewì ṣe lè dùn tó tí wọn ò ní máa wo aago tó bá ti di mẹ́jọ. Ẹ kọ aago mẹ́rin sára fláyà, ẹ mọ̀ lọ́kàn yín pé mẹ́rin ààbọ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá mẹ́rin ààbọ̀, torí ìyà àwọn tó tètè dé ló máa ń pọ̀ jù.

Sáúndì

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ háyà sípíkà, ẹ kọ́kọ́ dán yàrá yẹn wò láìsí nǹkan kan. Kí ẹnì kan dúró síwájú kó sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nínú yàrá tó há, tí èèyàn ogójì wà níbẹ̀, tí fáànù ò pariwo, ẹ ò nílò máìkì rárá, gbogbo ènìyàn á sì fà síwájú láti gbọ́. Ohun tó sábà máa ń ba èyí jẹ́ ni jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́yìn ògiri bó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ wá fi wáyà gígùn fa iná wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí inverter yá, tàbí sípíkà oníbátìrì tó lè gbé wákàtí mẹ́ta, ẹ pa jẹ́ẹ̀nì yẹn pátápátá, ẹ máa rí i pé ohùn àwọn èèyàn yín máa yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa lo máìkì, ọ̀kan tó dáa tó. Irú Shure SM58 ni ọ̀pọ̀ ń lò, àmọ́ ayédèrú ẹ̀ kún ọjà, kẹ́ ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání tẹ́ ẹ bá ń lọ rà á ní Alábà, tàbí kẹ́ ẹ háyà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ń fi ṣiṣẹ́. Ẹ gbé sípíkà síwájú máìkì, kí ojú ẹ̀ kọ sí àwọn tó jókòó. Tí sípíkà bá kọjú sí máìkì, ó máa hu fííín ni, gbogbo èèyàn á sì dìtí. Kí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jìnnà sí máìkì ní ìwọ̀n ìkúùkù kan, kó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má bàa máa fẹ́ wọ inú ẹ̀. Kó má sì fi ọwọ́ bo orí ẹ̀ bí àwọn olórin ìgboro, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ohùn dún bí ẹni tó wà nínú kànga.

Gìtá tó ní pikọ́ọ̀pù nínú, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sí sípíkà, ẹ fi wáyà so ó pọ̀, ó tán. Èyí tí kò ní, ẹ gbé máìkì sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara ẹ̀, ẹ má gbé e síwájú ihò, ihò yẹn máa ń dún gbùùù ju bó ṣe yẹ lọ.

Wàyí o, ẹni tó ń ṣe sáúndì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni ẹ́kò, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn máa tún ara ẹ̀ pè. Ẹ ò tíì lajú tán, wọ́n ti fa bọ́tìnnì yẹn dé òkè. Ẹ́kò dáa fún ẹni tó ń ki olówó, torí orúkọ olówó lásán ló fẹ́ kó dún. Tó bá jẹ́ ewì, tí ìlà kan ò tíì tán tí ìlà kejì ń gorí ẹ̀, ọ̀rọ̀ á dà pọ̀ mọ́ra wọn, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á wọnú ara wọn, àwọn èèyàn á kàn máa mi orí bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ ní "bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ẹ́kò yẹn", tí kò bá gbà, ẹ dúró tì í títí tó fi máa pa á. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò, ohùn èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé dé ibi tó yẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa gbé gìtá bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń rì, ẹ dá a padà díẹ̀.

Ẹ̀yin akéwì

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé: spoken word yẹn, ẹ má ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kẹ́nì kan dúró kó fi ohùn lásán mú ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣẹ́ oníjàálá nìyẹn, iṣẹ́ onírárà, iṣẹ́ ìyàwó tó ń sunkún kúrò nílé bàbá ẹ̀. Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì dé rédíò, wọ́n gbé e dé orí àwo, àwọn èèyàn sì ń fi owó ara wọn ra àwo tí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ jù lórí ẹ̀. Ohun tí a yá lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ìdíje rẹ̀, slam, tí Marc Smith dá sílẹ̀ ní Chicago láàárín àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú òfin ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó wúlò. Ohùn wọn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti dé iwájú máìkì, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa gé ọ̀rọ̀ sí méjì níbi tí kò yẹ, wọ́n á máa gbọ̀n ọwọ́, èèyàn Ìjẹ̀dẹ̀ á wá máa sọ̀rọ̀ bí ará Chicago. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín nínú ọkọ̀.

Kíkọ ọ́ sórí ìwé yàtọ̀ sí kíkọ ọ́ fún etí. Ẹni tó ń kàwé lè padà sí ìlà òkè, ẹni tó ń gbọ́ ò lè padà. Ká ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ni ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ láàárọ̀ kùtù. Lórí ìwé, èèyàn lè kọ ọ́ báyìí: "Ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ Ìkòròdú kún fún ìpèníjà ètò ìrìnnà lójoojúmọ́." Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó máa rántí ẹ̀ tí ìṣẹ́jú kan bá kọjá. Ẹ wá gbọ́ eléyìí:

Aago mẹ́rin, àkùkọ ò tíì kọ,
Ìyá ti wà lójú títì.
Aago márùn-ún, àkùkọ kọ,
Ìyá ò tíì rọ́kọ̀ wọ̀.
Kí lẹ̀ ń sáré lé, ará Ìkòròdú?
Owó oṣù ni,
Owó oṣù tí kì í bóṣù dé ìparí.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ìlà kúkúrú tí èémí kan lè gbé. Ó dárúkọ aago lẹ́ẹ̀mejì, àkùkọ kan náà, ìyá kan náà, torí náà etí ti mọ ibi tó wà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Kò sí ọ̀rọ̀ "ìyà" níbẹ̀ rárá, àmọ́ ẹni tó ti dúró ní Ágírìkì rí á ti mọ̀. Ìbéèrè yẹn náà, "kí lẹ̀ ń sáré lé", tẹ́ ẹ bá tún un pè lẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta nínú ewì yẹn, àwọn tó jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn o, ẹ má sáré kọjá, ẹ dákẹ́ fún wọn.

Ìjúbà kúkúrú dáa, pàápàá tí àgbà bá wà níkàlẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ìṣẹ́jú kan júbà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bákan náà ni àlàyé. "Ohun tó jẹ́ kí n kọ ewì yìí ni pé..." tó bá ti ju gbólóhùn méjì lọ, ewì yẹn gan-an ò tíì tó ewì.

Ẹ kọ́ ọ sórí. Kíkà á lójú fóònù burú, iná fóònù á tàn sí yín lójú, ojú yín ò ní kúrò nílẹ̀, álẹ́ẹ̀tì báńkì á sì wọlé ní àárín ọ̀rọ̀ ikú bàbá yín. Tẹ́rù bá ń bà yín pé ẹ máa gbàgbé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan sórí pépà kékeré kan, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ yín. Ọ̀nà tó dáa láti kọ́ ọ ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe nǹkan míì, bẹ́ ẹ bá ń fọ abọ́, bẹ́ ẹ bá wà nínú gosílóò ní Mile 12. Tó bá ti lè jáde lẹ́nu yín láàárín ariwo kọ̀ńdọ́, ó máa jáde níwájú máìkì. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé níwájú èèyàn, ẹ má tọrọ gáfárà, ẹ padà sí ègbè, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ìlà tó sọnù máa ń yọjú nígbà yẹn.

Ẹ̀yin onígìtá

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni orin Yorùbá pẹ̀lú gìtá ti máa ń bàjẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wá kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn okùn mélòó kan tó jọ ń dún pọ̀, wọ́n á rí kọ́ọ̀dù mẹ́rin tó dùn, wọ́n á wá ohùn lé e, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á wá ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn yẹn pẹ̀lú ipá. Ọ̀rọ̀ wa ní ohùn tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí gìtá tó dé. Ẹ mú "ìyá mi ń bọ̀". Ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè, ìsàlẹ̀. Tí orin yín bá wá sọ̀kalẹ̀ lórí "yá" yẹn, tí kò gòkè, ohun tí màmá tó jókòó níwájú máa gbọ́ ni "ìyà mi ń bọ̀", á sì ti máa ṣàdúrà fún yín kẹ́ ẹ tó dé ègbè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìyìn láti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń fi ohùn Òyìnbó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ń yí padà lẹ́nu ìjọ. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Káthídírà Marina, ṣe ìwádìí lórí orin Yorùbá, ó sì gbé ìwé kan jáde lórí ẹ̀ ní 1953, òun àti àwọn bíi tiẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ohùn ẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ sọ ìlà orin yín ketekete, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán, ẹ gbà á sórí fóònù. Ẹ wá fi ẹnu dídì hùmù ohùn yẹn láìpe ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ hùmù ẹ̀ títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí orin. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé gìtá, kẹ́ ẹ wá kọ́ọ̀dù tó gbà á. Ẹ lè na ibi kan, ẹ lè jẹ́ kí òkè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìsàlẹ̀ jìn sí i, ẹ lè dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, kò sí wàhálà. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò lè ní ìtumọ̀ míì. Ẹ wá kọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò mọ orin yẹn, àgbàlagbà ló dáa jù, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Tó bá sọ nǹkan míì, ẹ má bá a jiyàn.

Ọwọ́ gìtá náà ò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Àwọn tó ń lu gìtá ẹlẹ́mu láyé àtijọ́, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, àtàǹpàkò ń tẹ̀ lé okùn ńlá nísàlẹ̀, ìka kejì ń já okùn kékeré lókè, àyè sì wà láàárín méjèèjì tí ohùn èèyàn á gbà kọjá. Ẹni tó bá ń gbá gbogbo okùn mẹ́fà gbàràgbàrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti dí àyè yẹn pa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá a, ẹ fi í pamọ́ fún ègbè tó gbẹ̀yìn.

Ẹ ra kápò, ohun kékeré tí wọ́n fi ń há okùn mọ́ ọrùn gìtá. Bẹ́ ẹ bá ń kọrin nílé lálẹ́, ohùn yín wà nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé iwájú èèyàn, àyà á máa já, ohùn á gòkè, orin tẹ́ ẹ kọ ní G á wá dà bí ẹrù lọ́rùn yín. Tẹ́ ẹ bá há kápò sí frẹ́ẹ̀tì kejì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejì lára ọrùn gìtá, ohùn ti gòkè sí A, ìka yín ò sì ní yí padà. Okùn tuntun, ẹ wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ máa nà án díẹ̀díẹ̀, torí okùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ láàárọ̀ á máa yọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ tún un tò nígbà tẹ́ ẹ bá dé inú yàrá gan-an, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti wọlé tí ooru ara wọn ti dé. Áàpù fóònù tó. Ṣùgbọ́n ẹ má máa tò ó níwájú máìkì tó wà ní títàn, jọ̀ọ́.

Ọjọ́ náà fúnra ẹ̀

Àga, ẹ tò ó ní ìlàjì òṣùpá, kí ìlà àkọ́kọ́ sún mọ́ ẹni tó ń ṣeré débi tó lè rí ojú wọn. Ẹ ò nílò sitéèjì gíga. Iná kan tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ pa èyí tó kù, àwọn èèyàn á dákẹ́ fúnra wọn. Ẹ lọ bá ìyá tó ń ta oúnjẹ, ẹ ní kó má lo bulẹ́ńdà, kó má dín nǹkan nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣeré lọ́wọ́, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ káàkiri láàárín ẹnì kan sí èkejì nìkan.

MC yín, ẹ wá ẹni tó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ṣòro. Tẹ́ ẹ bá mú ẹni tó ń ṣe alága ìdúró, ó máa dùn, gbogbo ilé máa rẹ́rìn-ín, ó sì máa gba wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ ní. Iṣẹ́ MC ni orúkọ, ibi tó ti wá, àtẹ́wọ́, kó jókòó.

Ẹ ní àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ́ ẹ pè tẹ́lẹ̀, tí ẹ mọ ohun tí wọ́n lè ṣe, kẹ́ ẹ wá fi àyè sílẹ̀ fún open mic, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sórí pépà lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún olúkúlùkù, orin kan tàbí ewì kan, tó bá ti pé, MC á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ kan ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, torí ẹni àkọ́kọ́ ló ń sọ fún àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ àwọn tó kù. Lẹ́yìn ewì méjì tó wúwo, ẹ gbé onígìtá wọlé kí ọkàn lè sinmi díẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi sí àárín, ẹ má fi sí ẹ̀yìn ẹni tó dáa jù, ìkà ni.

Ọ̀rọ̀ nínáwó wá ńkọ́? A mọ ara wa. Tí onígìtá bá dárúkọ ìlú ẹnì kan, onítọ̀hún á dìde, á fẹ́ lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) ti 2007 sọ pé nínáwó náírà lójú agbo, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí bíbà á jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí fáìnì ₦50,000 ló kéré jù, wọ́n sì ti rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀ ní 2024. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tó ń náwó á dí ojú ẹni tó jókòó sẹ́yìn, gbogbo ojú á kúrò lára ọ̀rọ̀ á bọ́ sára owó. Ẹ gbé igbá kan síwájú, kí ẹni tó bá fẹ́ rọra jù ú síbẹ̀ tí ewì bá ti parí. Ẹ tún kọ nọ́ńbà àkáǹtì sórí káàdì gàdàgbà kan sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ò kó owó dání mọ́, tiransífà ni wọ́n mọ̀.

Owó ìwọlé, ẹ jẹ́ kó kéré, kẹ́ ẹ sì fi mínírà kan kún un, kó lè dà bí ẹni pé mínírà ni wọ́n rà. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, àwọn èèyàn á kan wọlé wá gba afẹ́fẹ́ fáànù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Nínú owó tó bá wọlé, ẹni tó ṣe sáúndì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san tiẹ̀ fún kó tó ká wáyà ẹ̀, lẹ́yìn náà owó mọ́tò àwọn tó ṣeré, kó tiẹ̀ jẹ́ kékeré. Ẹni tó gbé gìtá wá láti Òdogùnyàn lórí kẹ̀kẹ́ ná owó.

Fídíò: ẹnì kan ṣoṣo ni kó ká a sílẹ̀, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí fóònù ẹ̀ wà ní airplane mode. MC á bẹ àwọn tó kù kí wọ́n gbé fóònù sápò, torí ìlà fóònù níwájú máa ń bo ojú ẹni tó ń ṣeré, ẹni tó bá sì ń wò ó lójú fóònù ti kúrò ní yàrá yẹn. Kẹ́ ẹ tó gbé fídíò ẹnikẹ́ni sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ewì tó kọ ti ẹ̀ ni, òfin Copyright Act 2022 dáàbò bò ó, àwọn kan sì wà tí wọ́n ṣì ń tún iṣẹ́ yẹn ṣe tí wọn ò fẹ́ kó jáde síbẹ̀.

Ọjọ́ tó kàn, ẹ kéde ẹ̀ kí ẹni tó gbẹ̀yìn tó gòkè, ẹ má dúró di ìparí. Tó bá ti parí báyìí, gbogbo ará Òdogùnyàn àti Ìjẹ̀dẹ̀ máa ti dìde lọ wá kẹ̀kẹ́ tó kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ yín mọ́.